Fọ́tò Ọ̀tún Nínú Kọ̀ǹpútà Ẹlòmíràn

Nígbà tí mo jáde yunifásítì tí mi ò ríṣẹ́, bọ̀ọ̀dá mi gbà mí sí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Òkè Àdó, pé kí n máa ka iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ayé ológun ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kọ̀ǹpútà méjì ní Bódìjà á so táì mọ́rùn, á máa fi imú sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá bá wa.

“Ẹ má wulẹ̀ ra kọ̀ǹpútà o, sà. Inú tiwa ni kí ẹ máa kó iṣẹ́ yín sí. Àwa la máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀, àwa la máa tún un ṣe. Ìgbà tó bá wù yín, ẹ wá ṣí i.”

Mo ní, “Ta ló tún lè ṣí i?”

Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sọ́mọdé. “Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan ni.”

Ẹ̀rín yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá mi ti gbà, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ló sì kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Ní ìlú wa, kì í ṣe nítorí àtimọ ọjọ́ ni wọ́n ṣe ń fi kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri. Ẹni tó jókòó ti ọba ni wọ́n ń wò. Ọ̀tún àti Òsì, ìjòyè méjèèjì tó ń jókòó ti ọba, kò kí ara wọn lọ́dún náà. Bí fọ́tò wọn bá fi lè ṣì ipò, bọ̀ọ̀dá mi kò ní lè dé ìlú lọ́dún.

Nígbà tí wọ́n mú àpẹẹrẹ rẹ̀ dé, Òsì ló jókòó sípò Ọ̀tún, tẹ̀rín-tẹ̀rín. A sáré lọ sí Bódìjà.

Onítáì ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ rán bàbá kan wá pé ká pààrọ̀ fọ́tò. Wọ́n ní ọmọ ìlú kan náà ni yín.”

“Ta ló sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún wọn?”

“Wọ́n ní kí n fi orúkọ àkọ́bí yín gbìyànjú. Ló bá ṣí.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pe bọ̀ọ̀dá mi lórúkọ mìíràn. Mẹkáníìkì òdìkejì pàápàá, orúkọ ọmọ náà ló fi ń kí i láràárọ̀.

Mo ní, “Ẹ tún wá fi ohun tí gbogbo àdúgbò fi ń kí yín tilẹ̀kùn!”

“Panu ẹ mọ́, alákọ̀wé!” Ó yíjú sí onítáì. “Ìwọ náà ò sì bi wọ́n pé ta ló rán wọn?”

“Àgbàlagbà ni wọ́n, sà. Ṣé kí n máa wádìí àgbà lẹ́nu wò ni?”

Ọwọ́ la fi ṣe kàlẹ́ńdà náà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú abẹ àti gọ́ọ̀mù. Bọ̀ọ̀dá mi fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé kí wa kú iṣẹ́, mo máa ń fi ìwé ìròyìn bo tábìlì kó tó ṣí i. Ọ̀tún padà sípò rẹ̀, a sì lọ sílé lọ́dún.

Kò pẹ́ tí onítáì tún dé. Ó ní wáyà fóònù ni wọ́n máa ń fi ṣe é báyìí, pé iṣẹ́ wa kò ní wà ní Bódìjà mọ́, òkè òkun ni wọ́n á máa bá wa tọ́jú rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi ní, “Òkè òkun ibo?”

“Ìyẹn ò ṣe pàtàkì, sà.”

“Ó ṣe pàtàkì o. Bí wọ́n bá tún gbé Òsì sípò Ọ̀tún, ilé ta ni kí n ti lọ jà?”