Ìwé Tó Yá Ṣáájú Ẹsẹ̀

Aránṣọ ni mí. Bí apá ẹ̀wù kan bá fi ìdajì ínǹṣì gùn ju èkejì lọ, mo máa ń tú u ni. Ìdí nìyí tí ojú fi ń tì mí láti sọ ohun tí mo ṣe sí ìwé ọmọ mi.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún ni. Ó yọ̀ ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi ní Ìbà Estate tí à ń gbé, ó sì fi orúnkún ọ̀tún gba ilẹ̀. Eegun orúnkún sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹsẹ̀ náà fi wà nínú P.O.P., ìdè líle tí wọ́n fi ń mú eegun dúró. Nígbà tí wọ́n tú u, dókítà ní eegun ti so pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n oríkèé ti gan. Ẹsẹ̀ náà nà gbọnrangandan bí igi ìgbálẹ̀. Wọ́n ní kí a lọ máa rí físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tú oríkèé tó bá gan, kí a sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn. Bí orúnkún náà kò bá tẹ̀ tó igun tábìlì nígbà náà, àwọn yóò gbé e wọ tíátà, àwọn yóò fún un lóògùn oorun, àwọn yóò sì fi agbára tẹ ẹ́.

Fi agbára tẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ìdajì lójú mi.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni físíò náà, ní Òkokomáikò. Ó fún wa ní ìwé tó ní àpótí kéékèèké. Kí ọmọ jókòó sórí ẹní, kí ó máa wọ́ gìgísẹ̀ bọ̀ wá sídìí díẹ̀díẹ̀, ìgbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bó bá ti ṣe é tán, kí a sàmì sínú àpótí.

"Yóò dùn ún o, Mọ́mì," ló wí. "Ìrora tó bá lọ bó bá ti sinmi, kò léwu. Èyí tó bá mú orúnkún wú ni kí ẹ sáré pè mí sí."

Lọ́jọ́ kìíní, ó ṣe é dé ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó figbe ta. Mo ní, "Ó tó." Mo sàmì. Mo sọ fún ara mi pé mẹ́rin tó dùn ún tó báyìí tó mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́ta ló ṣe. Mo sàmì. Bírò aláwọ̀ búlúù ni mo lò, kò sí èyí tó yọ kọjá ilà àpótí nínú àmì mi.

Èmi náà ni mo lọ bẹ ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, tí gbogbo ọmọ ilé máa ń kúnlẹ̀ kí láàárọ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú, ọmọ mi yóò máa kí wọn lóòró. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí à ń lọ, mo máa ń gbé àga oníke fún un nígbà tí gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀. Obìnrin kan sọ ọ́ sétí mi pé, "Ìyá ọba, ẹ kú ìtọ́jú o."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a padà sọ́dọ̀ físíò. Ó wo ìwé náà.

"Mọ́mì, iṣẹ́ yín mọ́ o."

Ó wá gbé rúlà rẹ̀ alápá méjì lé orúnkún. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe eré ìdárayá yìí? Ọmọ ni, àbí bírò?"

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìwé yín ti gbádùn, Mọ́mì. Ẹsẹ̀ yìí ni kò tíì gbádùn."

Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti àga ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ti ìyá àgbà. Ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ìkúnlẹ̀ tí mi ò tiẹ̀ kọ sínú ìwé, ẹ tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó máa kúnlẹ̀ sórí ìrọ̀rí, kí ó di àga mú, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ka ọgbọ̀n. Ó ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa sàmì. "Ẹ̀yin, ẹ má ṣe wà nínú yàrá."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wá ń dúró, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, tí mo ń kà á sínú. Ó rẹ̀ mí ju ìránṣọ ọdún lọ. Mo ń gbọ́ tó ń sunkún, mo tún ń gbọ́ tó ń bú ẹsẹ̀ náà: "Ìwọ yìí, máa ṣagídí lọ, a jọ máa rí i ni." Àmì tirẹ̀ wọ́, àpótí mìíràn sì ṣófo. Mo fẹ́ bá a sàmì sí i. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ tó kọ́kọ́ gbé ìrọ̀rí sọ̀kalẹ̀, ìyá àgbà wò ó látòkè délẹ̀.

"Ṣé iwájú mi lo fẹ́ sùn sí ni?"

"Rárá mà. Ẹ káàárọ̀ mà."

Ó di apá àga wọn mú, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún dúró lágbedeméjì. Tẹ́lẹ̀, wọn ì bá ti ní kí ó dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún un, fún mi, fún ọkọ tí kò tíì mọ̀, fún àwọn ọmọ tí yóò bí fún ọkọ náà. Òógùn ń ṣàn lójú ọmọ mi, ó ń ṣe "àmín" láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Ojoojúmọ́ ni àdúrà náà ń gùn sí i, tí orúnkún náà sì ń sún mọ́ ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, mo ti di aṣọ tíátà sínú báàgì. A wọlé. Kí n tó lanu, ọmọ mi ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ táìsì, láìsí ìrọ̀rí. "Ẹ káàárọ̀ sà." Dókítà sún síwájú lórí àga. Wọ́n na ọrùn kọjá tábìlì, wọ́n ń wo orúnkún.

"Dìde, jẹ́ n wọ̀n ọ́n."

Ó fi díẹ̀ kọjá igun tábìlì. Wọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀ tíátà mọ́, ṣùgbọ́n kí a má dáwọ́ dúró, ó ṣì kù kó tẹ̀ bí èkejì.

Mo sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ mi ló jí mi ní Ìyànà-Ìbà. Nígbà tí à ń gun àtẹ̀gùn ilé, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn.

"Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀."

Mi ò mọ̀ pé mo di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú.