Àlejò Tí Afojúwọ̀n Bí

Tí ẹ bá ti bá mi pàdé rí níbi tí mo jókòó, tí mi ò dìde kí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ìgbéraga. Ṣòkòtò mi ni. Àbúrò mi obìnrin ló rán an, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé tí mo bá lè fi jókòó, kí n dúpẹ́, kí n má tún béèrè ìdìde.

Télọ̀ ni àbúrò mi yìí. Afojúwọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí láti ogójì ọdún tó ti ń ránṣọ, kò fi tépù kan ara èèyàn rí. Ẹ ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò wò yín láti orí dé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò ní kí ẹ kẹ̀yìn, yóò tún wò yín, ó parí nìyẹn. Kò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀. Yóò tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, yóò fi ẹfun fa ìlà, sísọ́ọ̀sì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà wá gbà á, aṣọ náà yóò ṣe wẹ́kú. Ojú mi ló ṣe nígbà tí ọkùnrin kan wọlé tí èjìká rẹ̀ kan wálẹ̀ ju ìkejì lọ. Jákẹ́ẹ̀tì tó rán fún un mú èjìká méjèèjì dọ́gba débi pé ọkùnrin náà dúró síwájú dígí, kò fẹ́ kúrò mọ́. Àbúrò mi ní láti bi í léèrè bóyá kí òun bá a tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Ìyẹn fún àlejò o. Tó bá di ti ẹbí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kò sí aṣọ kan tó rán fún wa tó bá wa mu. Ọkọ rẹ̀, àna mi, káfíńtà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń wọn pákó kó tó fi ayùn kàn án, síbẹ̀ ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi wà nínú ṣòkòtò tí ìyàwó rẹ̀ rán láìmí dáadáa. Ní tèmi, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún kan ni àbúrò mi ṣì ń ránṣọ fún, ọkùnrin tí bẹ́líìtì rẹ̀ máa ń ku sílẹ̀ gbọọrọ. Èmi ni ọkùnrin náà nígbà kan rí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ báyìí, ikùn mi sì ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ tipẹ́.

A ò sọ fún un. Ọkùnrin kan wà ní òpópónà ẹ̀yìn tó máa ń tún báàgì ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ń yọ́ gbé aṣọ lọ kó lè bá wa tú u fẹ̀. Òwú báàgì ló ń lò, kì í sì í pẹ́ já, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jókòó tí mi ò ní dìde. Lọ́jọ́ kan, èmi àti àna mi ṣe kòńgẹ́ ara wa níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ọ̀rá lábẹ́ abíyá. A kí ara wa, a béèrè ara ilé, kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì pé kí ló wà nínú ọ̀rá.

Bí Afojúwọ̀n bá wá rí wa nínú aṣọ náà, á ní, "Ẹ wo bó ṣe bá yín mu." Àwa náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, rẹ́gí. A pè é ní ìfẹ́. Bí mo ṣe ń rò ó báyìí, ọ̀lẹ ló pọ̀ jù nínú ìfẹ́ náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni àbúrò mi bí, obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀nà jíjìn ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́fà sì ni kò fi wá sílé. Orí fóònù ni òun àti ìyá rẹ̀ ti máa ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà ní wọ́n ti fi òun ṣe ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí òun wà, wọ́n sì máa fi òun han gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kan báyìí. Òun máa kọ́kọ́ wá sinmi ọ̀sẹ̀ méjì nílé, aṣọ tí ìyá òun bá rán ni òun sì fẹ́ wọ̀ dúró níwájú wọn.

Inú Afojúwọ̀n dùn débi pé ẹni tí kò bi í léèrè gan-an gbọ́. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò tiẹ̀ dúró de ọmọ náà. Ó ra aṣọ aláwọ̀ búlúù kan tó dára, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Fọ́tò ọmọ náà wà lára ògiri lókè máṣíìnì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí wọ́n yà á, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ á wo fọ́tò, á gé aṣọ. Á tún wò ó, á tún gé e. Mo jókòó níbẹ̀, mo rí i, mo sì gbé ẹnu mi dákẹ́.

Ọjọ́ Monday ni ọmọ dé. Ó ti sanra sí i, irun funfun bíi mélòó kan ti yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, ìrìn rẹ̀ sì ti di ìrìn ẹni tí àwọn èèyàn ń dúró dè. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó fà á wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti í sẹ́yìn kọ́tìnì pẹ̀lú aṣọ búlúù náà. Èmi àti àna mi jókòó, a ń retí. Ó pẹ́. A ń gbọ́ tí aṣọ ń ké díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó jáde, apá rẹ̀ kò ṣeé gbé sókè, síìpù ẹ̀yìn sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àna mi ti la ẹnu. "Ó dáa gan-an," ó ní.

Ọmọ náà wo ara rẹ̀ nínú dígí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Màmá, ta lẹ rán aṣọ yìí fún?"

Ó gbójú sókè sí fọ́tò ara ògiri. "Ẹni yẹn ti lọ tipẹ́, Màmá."

Afojúwọ̀n kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Lọ́jọ́ Tuesday kò ṣí i. Wednesday, kò ṣí i. Àwọn oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn lásán. Ó ní ojú òun ti kú, pé télọ̀ tí kò lè ránṣọ fún ọmọ tó bí, kó yáa ta máṣíìnì rẹ̀. Nínú ilé, òun àti ọmọ ń kí ara wọn bí ẹni tó wọkọ̀ kan náà: ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ ń lọ, ọmọ náà yóò sì padà síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé tó bá lọ báyìí, ó di ọdún mẹ́fà mìíràn kó tó tún wá.

Ní ọ̀sán Thursday mo lọ bá àbúrò mi. Etí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, wọn ò ṣe nǹkan kan. Mi ò rí ọwọ́ yẹn láìṣiṣẹ́ rí, ó sì ká mi lára.

"Ojú mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

"Ojú rẹ ò kú."

"Ẹ ò rí aṣọ ọmọ mi?"

Mo dìde, mo fa ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè, mo yí ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò mi sí i. "Wo ibí yìí."

Ó wò ó. Ó tún sún mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tí yóò fi iṣẹ́ ẹlòmíràn han télọ̀ tí kò ní mọ̀ ọ́n. "Ta ló rán èyí?"

"Ẹni tó ń tún báàgì ṣe ní òpópónà ẹ̀yìn."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó máa tó ọdún mọ́kàndínlógún."

Ó fi ìka kan òwú náà. "Ọkọ mi ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá ń fún oníbàárà àtàtà ní ẹ̀bùn níbẹ̀, òun ló máa gbà á."

Ó bínú sí mi dáadáa. Ó pè mí ní òpùrọ́, ó ní irun funfun orí mi ò ṣe mí láǹfààní kankan, mo sì gbà, nítorí òótọ́ ni. Nígbà tó bínú tán, ẹ̀rín mú un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé omi yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́. Mo jókòó tì í. Mo sọ ohun tí mo ti ń jẹ lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́ fún un.

"Àwọn tí o ò mọ̀, o máa ń wò wọ́n. Àwa tí o mọ̀, o ò wò wá mọ́. O ti mọ̀ wá tán."

"Ṣé kí n wá sọ ọmọ mi di àlejò ni?"

"Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Friday, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ra tépù. Àna mi kọ́kọ́ gbé tépù irin tó fi ń wọn pákó wá, àbúrò mi lé e jáde tòun ti tépù irin rẹ̀. Ó di tépù aṣọ náà mú bí ẹni di ohun tó lè gé e jẹ. Mo jókòó sí igun, mo sì ti kọ́ ọmọ náà ní ohun tí yóò ṣe. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Ẹ káàárọ̀ o, màdáámù. Ẹ máa wọlé. Irú aṣọ wo lẹ fẹ́ ká bá yín rán?"

Bó ṣe gbọ́ tí ìyá tó bí i ń pè é ní màdáámù, ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ́ já sí ẹ̀rín, ó kó o mọ́ra. "Gáùn ni, mà. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ dúró níwájú àwọn tí mo máa jẹ́ ọ̀gá fún."

"Ẹ dúró dáadáa kí n wò yín."

Ó wò ó. Mo ti rí i tó ń wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, kò wo ẹnì kankan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi tépù kan èjìká rẹ̀. "Èjìká ọ̀tún yín wálẹ̀ díẹ̀, màdáámù."

"Gbígbé aláìsàn ló fà á, mà."

Ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó dé ìbàdí. "Ó jọ pé ẹ sanra sí i láìpẹ́ yìí."

"Oògùn ni, mà. Mo ṣàìsàn ní ọdún méjì sẹ́yìn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

Tépù dúró. Èmi náà ò gbọ́ nípa àìsàn kankan rí. Mo tẹjú mọ́ bàtà mi.

"Ẹ ò ní ìyá ni?" télọ̀ béèrè.

"Mo ní in, mà."

"Ẹ ò sì sọ fún un?"

"Gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé ọmọ àwọn kì í ṣàìsàn, pé ọmọ àwọn kì í sunkún. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pàdánù ọmọ yẹn."

Afojúwọ̀n wọn ìbàdí náà tán. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ náà ló ṣì lò. "Tí ẹ bá délé, màdáámù, ẹ sọ fún ìyá yín. Ara rẹ̀ le ju bí ẹ ṣe rò lọ."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, mà."

Lẹ́yìn náà, àlejò tán. Wọ́n dì mọ́ra wọn, tépù wà láàárín wọn, mo sì rọra jáde lọ bá ẹni tó ń ta búrẹ́dì, mo bi í léèrè iye owó ohun tí mi ò fẹ́ rà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọn gbogbo wa. Ṣòkòtò àna mi bá a mu, ó ń mí dáadáa báyìí, ó sì ti fi èémí náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lẹ́nu iṣẹ́, ìró ayùn sì dùn ju orin náà lọ fíìfíì. Nígbà tó kàn mí, tó pe nọ́ńbà ìdí mi jáde, mo bẹ̀ ẹ́ kó rọra pè é. Mo lè jókòó báyìí, mo sì lè dìde. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́, mi ò ju ṣòkòtò àtijọ́ nù. Kò sẹ́lòmíràn láyé yìí tó ṣì rántí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi, mo tún fẹ́ kí wọ́n rántí mi, mi ò sì mọ èyí tí mo lè yááfì nínú méjèèjì.

Àdúgbò ṣì ń pè é ní Afojúwọ̀n. Àlejò ló ń fi ojú wọ̀n, ẹbí ló ń fi tépù wọ̀n, kò sì tijú sọ ọ́ fún ẹni tó bá béèrè. Kò ju fọ́tò náà nù. Ó gbé e kúrò lókè máṣíìnì ni, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tó máa ní láti yíjú kó tó rí i.

Lọ́jọ́ tí ọmọ máa padà, ó wọ aṣọ tuntun náà. Búlúù lòun náà. Ó ṣe wẹ́kú. Síìpù lọ sókè láìsí wàhálà, apá rẹ̀ gòkè, ó yí síwá, ó yí sẹ́yìn níwájú dígí. Bó ṣe ń bọ́ ọ kó lè dì í sínú báàgì, ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà nínú.

"Màmá, aṣọ tó kù sínú ibí yìí mà pọ̀."

"Mo fi àyè sílẹ̀ ni," ìyá rẹ̀ wí, kò gbójú kúrò lórí òwú tó ń ká. "Ìka mẹ́ta lọ́tùn-ún, ìka mẹ́ta lósì. Mi ò tíì mọ ẹni tó máa wọlé nígbà tí o bá tún dé."