Ìkòkò Tí Wọ́n Ti Pa Lókè Òkun Ló Pa Morádéún

Morádéún Oyèwọlé ti kú o. Ìkòkò ẹ̀wà ló pa á, nínú ilé ìdáná tí gbogbo agbo ilé wọn jọ ń lò ní Ajégúnlẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún yín. Ìdérí ìkòkò náà fò bí ọta ìbọn, ó gbá a lágbọ̀n, ó fọ́ eegun ibẹ̀. Omi ẹ̀wà tó ń hó ló tẹ̀ lé e, ó dà bò ó lójú, lọ́rùn, láyà. Nígbà tí wọ́n ń bọ́ bùbá rẹ̀, awọ ara rẹ̀ bá bùbá náà wá. Títí di òní, ẹ̀wà ṣì lẹ̀ mọ́ páànù òkè ilé ìdáná yẹn, kò sẹ́ni tó láyà láti gun àga lọ ha á kúrò. Ọsibítù ló kú sí, lẹ́yìn tó ti fi ojú kan ṣoṣo wò wá fún ọjọ́ mélòó kan, láìlè sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ nípa ikú oró yìí: obìnrin náà kánjú ṣí ìkòkò. Ó parí. Wọ́n pa fáìlì dé.

Morádéún? Ó kánjú?

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó bú sẹ́kún. Àwa obìnrin tó ń tajà ní Marine Beach, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Àpápá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa ń gbé ọmọ sí ká tó lọ wá oúnjẹ òòjọ́. Méjì nínú àwọn ọmọ tèmi ló tọ́jú. Kò sí ọmọ tó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹ̀kọ tí ọmọ máa mu, á kán an sí ọrùn ọwọ́, á dúró, á tún kán an sí ọwọ́ kejì, bíi pé ọwọ́ àkọ́kọ́ lè purọ́. Ẹ̀wà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣà á. Ìyá Jẹ́jẹ́ la máa ń pè é.

"Morádéún, tó bá jẹ́ ìwọ lò ń wa ọkọ̀ ojú omi," mo sọ fún un lọ́jọ́ kan tó dá mi dúró, "ẹja á ti jẹ wá tán ká tó dé Snake Island."

"Ẹja tó bá jẹ ẹ́, Ìyá Ọláolúwa," ó ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè, "inú á run ún. Ata ẹnu ẹ ti pọ̀ jù."

Obìnrin yìí ni wọ́n ní ó kánjú.

Ngozi, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, wà ní ilé ìdáná lọ́jọ́ náà, ó ń fọ abọ́. Ó sọ ọ́ fún mi, ó sì ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá:

"Ìkòkò yẹn kàn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó ń ṣe ṣíì, ṣíì. Aunty yọ wáyà ẹ̀ kúrò nínú iná. Wọn ò fọwọ́ kan ìdérí rárá. Èmi ti sá débi kànga, mo ní, 'Aunty, run now!' Wọn ò yíjú padà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi rìn bọ̀, díẹ̀díẹ̀, wọ́n kọjú sí ìkòkò."

"Kí ló dé tí kò sá?"

"Destiny wà lẹ́yìn wọn na, Mummy."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí yìí kẹ́ ẹ rò ó. Destiny, ọmọ Onome ẹlẹ́ja, ló pọ̀n. Bí Morádéún bá yíjú padà láti sá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa kọ sí ìkòkò, ọmọ ọlọ́mọ ló sì wà níbẹ̀. Ó wá fi ojú ara rẹ̀ ṣe asà. Kò sí ohun tó ta sí Destiny lára, igbe lásán ló ń ké. Ìtòsí ẹnu ọ̀nà ni ìdérí ti bá Morádéún. Ẹni tó kánjú ṣí ìkòkò, ṣé ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí ṣí i? Mo gba àgọ́ lọ, mo bi ọlọ́pàá tó kọ ìwé náà.

"Madam, ìkòkò kì í ṣí ara ẹ̀."

"Ọ̀gá, ìbọn náà kì í yìn fúnra ẹ̀," mo ní, "àmọ́ tiyín máa ń ṣèèṣì yìn."

Ó ní kí n jáde.

Mo jáde. Ọ̀dọ̀ Friday ni mo gbà lọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ni Morádéún ti ra ìkòkò náà. Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ oníná ni, tókunbọ̀, èyí tó ń se ẹ̀wà kíákíá. Ẹ má bú u pé ó rà á. Àwa tá à ń rọ gáàsì mọ̀ pé ẹ̀wà ń jẹ gáàsì ju bí ọmọ ṣe ń jẹ ẹ̀wà lọ. Ṣọ́ọ̀bù Friday wà lọ́nà Kirikiri. Irú ìkòkò yẹn kan náà tò lọ bẹẹrẹ lórí pákó rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n gé wáyà wọn kù bí ìrù ewúrẹ́. Iṣẹ́ Friday ni láti so wáyà tuntun mọ́ wọn.

"Friday, ta ló ń gé wáyà wọn báyìí?"

"Mama, na so e dey come. Kí àyè lè gba púpọ̀ nínú kọ̀ǹtéńà ni."

"Wáyà ló ń gba àyè, ìkòkò ò gba àyè?"

"Ah, Mama, you too get question." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi so ti Aunty Morádéún. Wọ́n ṣàdúrà fún mi kí wọ́n tó gbé e lọ."

Tẹjúmọ́lá, àbúrò Morádéún tó wà lókè òkun, ló là wá lójú. Ó pè mí lórí fídíò nítorí ètò ìsìnkú. Ọlọ́pàá ò tiẹ̀ gbé ìkòkò náà lọ, mo bá gbé e síwájú fóònù kó rí ohun tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní irú ẹ̀ rí! Iléeṣẹ́ tó ṣe é kọ̀wé sí wa pé ìdérí ẹ̀ máa ń fò, ó ti bó àwọn èèyàn. Wọ́n ní ká gé wáyà ẹ̀, ká ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, àwọn á dá owó wa padà. Torí kẹ́nikẹ́ni má baà lò ó mọ́ ni wọ́n ṣe ní ká gé e!"

"O gé e?"

"Mo gé e. Wọ́n dá owó mi padà."

"Níbo lo wá gbé ìkòkò náà sí?"

Ó ní, "Mo gbé e síta pẹ̀lú pàǹtí. Mi ò mọ̀ pé pàǹtí máa ń wọkọ̀ òkun."

Ṣé ó ti yé yín báyìí? Wọ́n ti pa ìkòkò yẹn. Wáyà gígé yẹn ni ìkìlọ̀. Wọ́n sanwó fún Òyìnbó kó lè pa á, àwa ń sanwó kí wọ́n jí i dìde fún wa. Friday ò mọ̀, ta ni ì bá sọ fún un? Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹtéńà ní wọ́ọ̀fù, tó rí ìkòkò rẹpẹtẹ, irú kan náà, tí ẹyọ kan ò ní wáyà nínú wọn, kí ni òun rò? Ṣé ó rò pé eku ló jẹ gbogbo ẹ̀?

Kò tán síbẹ̀. Tẹjúmọ́lá tún wá ojú ìwé ọ́fíìsì ìjọba tiwa tó ń rí sí ọjà eléwu lórí fóònù rẹ̀. Ìkéde náà wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ. Wọ́n mọ̀! Kí ẹ̀wà Morádéún tó hó, wọ́n ti mọ̀. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo lọ bá wọn ní Àpápá. Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Kọ́láwọlé ló dá mi lóhùn.

"Madam, a ti ṣe iṣẹ́ tiwa. A ti kéde ẹ̀."

"Ta lẹ kéde ẹ̀ fún, sà?"

"Gbogbo ará ìlú. Ó wà lórí ìkànnì ayélujára wa."

"Èyí tó wà lórí pákó lọ́jà ńkọ́? Ta lẹ rán lọ kó o?"

"Ẹni tó bá lọ ra ọjà tí ò ní gáráńtì, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi fà á."

Mo gbójú sókè wo ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán omi sórí fáìlì wọn. "Eléyìí ńkọ́, sà? Ó ní gáráńtì?"

Akọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá ní kí n lọ kọ lẹ́tà, àwọn á gbé e yẹ̀wò.

Nígbà ìdìbò, ṣé orí ayélujára ni wọ́n ti ń bá wa sọ̀rọ̀? Gbohùngbohùn ni wọ́n ń gbé wọ gbogbo àdúgbò, wọ́n á pariwo ní Yorùbá, ní Pidgin, lédè Ijaw, títí adìyẹ á fi sá. Bí wọ́n bá ń wá ìrẹsì fàyàwọ́, wọ́n mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ kọ́kọ́rọ́ ọlọ́jà. Ìkòkò tó ń fọ́ àgbọ̀n èèyàn nìkan ni ọ̀nà rẹ̀ wá ṣókùnkùn sí wọn? Àwọn kan ní agbo ilé tiẹ̀ ń sọ pé ọ̀tá ló ṣe Morádéún. Òótọ́ ni. Ọ̀tá náà ní tábìlì, ó ní òǹtẹ̀.

Mo padà lọ sọ fún Friday. Ó gbé òòlù, ó kó gbogbo ìkòkò tó kù síta, ó ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣépè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà dúró tì í.

"Friday, who go pay you?"

Kò sẹ́ni tó máa san án. Àwọn ìkòkò tiwọn ṣì wà lórí pákó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an ni Ebuka télọ̀ ń ránṣọ. Àga rọ̀gbọ̀kú tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ ọwọ́ sí kó lè sùn ló wà níwájú rẹ̀, tókunbọ̀ náà ni. Wọ́n ti gé gbogbo ìgbànú tí wọ́n fi ń so ọmọ mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ó já o, wọ́n gé e ni, ó mọ́ geere. Ebuka ń rán òmíràn sí i. Ọmọbìnrin kan, Peculiar, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, jókòó tì í.

"Peculiar, má gbé àga yìí lọlé."

"Kí ló ṣe é, Mummy?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í gé nǹkan báyìí lásán."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ọmọ dáadáa ni. "Mummy, tó bá burú, ṣé ìjọba á jẹ́ kó wọlé ni?"

Ẹ dá a lóhùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òǹtẹ̀. Ta ló tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kọ̀ǹtéńà yẹn? A fẹ́ orúkọ rẹ̀, a sì fẹ́ rí ojú rẹ̀ ní kóòtù. Ẹni tó ka ìkéde náà tó sì padà sídìí tíì rẹ̀, a fẹ́ orúkọ tiẹ̀ náà. Ẹ yọ "kánjú" kúrò nínú ìwé ikú Morádéún, kẹ́ ẹ kọ ohun tó pa á síbẹ̀. Ẹ gbé lọ́rì wá sọ́nà Kirikiri, kẹ́ ẹ kó gbogbo ohun tí wọ́n gé, kẹ́ ẹ sì dá owó àwọn tó rà á padà, bí wọ́n ṣe dá ti Òyìnbó padà. Mi ò ní kọ lẹ́tà kankan. Peculiar ti sanwó, ìgbànú kan ṣoṣo ló sì kù kí Ebuka rán.