Àrọ̀kúrò fún Sùtánà

Ẹni tó bá ti fi omi kànga Agbowa fọ aṣọ funfun rí kò nílò àlàyé lẹ́nu mi. Omi náà máa ń mọ́ gaara tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nínú bàsíà, ìpẹtà á yọ jáde, aṣọ tó wà nínú rẹ̀ á sì pọ́n bíi pé inú tíì ni wọ́n ti sè é. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ti gba kádàrá, aṣọ tí kì í fi ìdọ̀tí hàn là ń wọ̀. Wàhálà dé lọ́jọ́ tí ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, gbé sùtánà gbogbo wa fún alágbàfọ̀ kan.

Obìnrin náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará Làìbéríà tí ogun lé dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ìdílé bíi mélòó kan ni wọ́n, wọ́n jọ háyà ilé gígùn kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Opó ni, ó bí ọmọ méjì, kò sì fẹ́ ìtọrẹ àánú, iṣẹ́ ló ń wá. Olórí ìjọ wa, bàbá àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ló ní kí a kó aṣọ lọ fún un. Ohun rere ni bàbá ṣe, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí omi.

Nígbà àkọ́kọ́ tó fọ̀ ọ́, aṣọ àwọn akọrin padà wá pẹ̀lú àwọ̀ mílíìkì. Nígbà tó tún fọ̀ ọ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tí ìkórè wá sún mọ́lé, olórí ìjọ ní kí n bá òun mú tòun náà lọ, kí n sì sọ fún obìnrin náà pé bí aṣọ bá tún padà wá ní pupa, alágbàfọ̀ Ìkòròdú lòun máa kó gbogbo rẹ̀ fún. Mo jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi. Obìnrin náà ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹun, torí iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ wọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí títí inú fi bí mi. Bí inú bá sì ti bí mi, n kì í lè jókòó.

Mo ní kí a gba omi òjò. Ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé ilé wọn ti dípẹtà, ṣùgbọ́n páànù tuntun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ìyẹn la sì mú. Gbogbo ilé ló dìde. A fi ayùn la páìpù oníke sí méjì ní gígùn, a fi wáyà so ó mọ́ abẹ́ páànù kí ó lè da omi sínú àwọn dúrọ́ọ̀mù tí a tò sórí búlọ́ọ̀kù, a sì fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo ẹnu wọn. A tún ṣe páìpù kékeré kan tí a ó máa fi da omi àkọ́kọ́ nù, torí ìgbẹ́ ẹyẹ. Wọ́n jà lórí ibi tí dúrọ́ọ̀mù máa wà, wọ́n jà lórí ẹni tó máa di àkàbà mú, wọ́n sì fi ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹyìn bọ́ mi yó. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n bi mí pé ìgbà wo lòjò máa rọ̀. Èmi tíṣà jọ́gíráfì gbójú sókè, mo ní àrọ̀kúrò, òjò ìkẹyìn ọdún, ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, olórí ìjọ kéde ààwẹ̀. Ìta gbangba la ti fẹ́ ṣe ìkórè lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà kí gbogbo wa máa gbàdúrà kí òjò má rọ̀. Ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, ẹnu mi ti sọ ọ́ kí orí mi tó gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà. Ní òwúrọ̀, mo ń bá ìjọ lé òjò. Ní ọ̀sán, mo wà lórí àkàbà, mò ń nu páìpù náà dè é. Ojú ọ̀run á ṣú, á tún là. Láti ìgbà tí mo ti dé ìjọ yẹn la ti ń gbàdúrà fún iná mànàmáná tí kò dé, èyí tí a fi ń lé òjò lọ ni Ọlọ́run wá ń gbọ́ kíákíá. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà tẹ̀ lé mi lọ sí ibi àdúrà. Ó bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́yìn títí a fi ṣe àmín, ó wá fi Yorùbá tó kọ́ lọ́jà bá olórí ìjọ sọ̀rọ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Aṣọ yín wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Tí òjò ò bá rọ̀, mi ò lè fọ̀ ọ́ kó funfun.”

Bàbá béèrè pé aṣọ ta ni, mo ní aṣọ gbogbo wa ni. Ó ronú díẹ̀, ó sì ní kí a tún àdúrà náà ṣe: kí Olúwa jẹ́ kí òjò rọ̀ sí ilé alágbàfọ̀, kí ó má rọ̀ sí pápá ìkórè. Ọmọdé lè dúró níbi kan ju òkúta dé ibi kejì. A ṣe àmín tọkàntọkàn.

Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Ọjọ́ Ẹtì ló dé, ó rọ̀ sí pápá, ó rọ̀ sí ilé ẹ̀kọ́, ó rọ̀ sí ilé gígùn náà títí omi dúrọ́ọ̀mù fi ń ṣàn sílẹ̀. Gbogbo àwọn ará Làìbéríà yẹn ló fọ aṣọ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin, obìnrin, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo rí i bí aṣọ ṣe funfun, orin ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n òjò kò dá mọ́. Mo ṣí kíláàsì mi fún wọn, a sá sùtánà sórí àga àti tábìlì, kò gbẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ ti kún pápá, inú ilé àdúrà la há mọ́, omi ń kán sílẹ̀ lára gbogbo wa.

Láàárín ìsìn, olórí ìjọ pe alágbàfọ̀ síwájú. Obìnrin náà dìde láti ẹ̀yìn, ó rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Bàbá na apá sùtánà rẹ̀ sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i.

“Ó tutù,” ó ní. “Àmọ́ ó funfun.”

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. “Bàbá, òjò nìkan lẹ bá mi tọrọ. Ẹ ò bá mi tọrọ òòrùn.”

Bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó wá ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀. A kúnlẹ̀ nínú aṣọ tútù, òtútù ń mú wa, a sì ń tọrọ òòrùn fún alágbàfọ̀ wa.