Àpò Ìwòsàn Àwọn Alásàlátù

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn ìpara òtútù, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Òórùn yẹn ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì màmá mi ní Peckham, ní London, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí òtútù ń wọ egungun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ẹja tí mo rà ní Rye Lane wà lọ́wọ́ mi, torí ọbẹ̀ ata ni mo fẹ́ sè fún wọn. Ọ̀fìnkìn líle kan ti dá wọn dùbúlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Ẹ kú ilé o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹnì kan ń bì nínú ilé ìwẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa àpò ìwòsàn fún ọ. Àwọn màmá tí wọ́n jọ ń ṣe àsàlátù láàárọ̀ Sunday ní àkáǹtì kan ní báńkì tí wọ́n jọ ń dá owó sí lóṣooṣù. Wọn kì í fi ọwọ́ kàn án nítorí ìkómọ tàbí ìnáwó kankan. Oògùn nìkan ni wọ́n fi ń rà. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí téèyàn bá fẹ́ rí dókítà ládùúgbò wa: wàá gbé fóònù sétí láàárọ̀, wàá gbọ́ orin títí etí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di, wọ́n á wá ní kó o padà pè lọ́la. Nítorí náà, bí ara ọ̀kan nínú wọn ò bá yá, àwọn yòókù á gba kẹ́míìsì lọ, wọ́n á ra èyí tí wọ́n ń tà láìbèèrè ìwé dókítà, wọ́n á gbé e lọ bá aláìsàn nílé. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò ní purọ́. Àpò yẹn ti ran ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́.

Mo bá màmá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwẹ̀, òógùn bò wọ́n, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Mo gbé wọn dìde, mo mú wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yẹn ni ojú mi lọ sórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Oògùn oníhóró wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi gbígbóná bíi tíì wà níbẹ̀, oníkápúsù wà níbẹ̀, pẹ̀lú òmíràn tí ẹnì kan gbé ti Èkó bọ̀. Wọ́n ti já gbogbo wọn.

"Mummy, èwo lẹ lò nínú ìwọ̀nyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. Ìyá Àdínì mú tiwọn wá, Ìyá Ìbejì mú tiẹ̀ wá, Aunty tó ń tọ́jú àwọn arúgbó náà mú tiẹ̀ wá. Wọ́n tún padà wá láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú wọn ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ̀ wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí àlejò bá gbé wá fún aláìsàn, ojú àlejò ni wọ́n ti ń lò ó, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé wọn ò fura sí òun. Ẹni tó mú oògùn wá á bu omi fúnra rẹ̀, á dúró, màmá mi á gbé e mì, wọ́n á jọ ṣe àmín. Ẹlòmíràn á tún kanlẹ̀kùn.

Mo gbé àwọn páálí náà lọ sí ojú fèrèsé, mo ń ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn wọn. Orúkọ wọn níwájú yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn, orúkọ kan ṣoṣo ló wà lára gbogbo wọn: parasitamọ́ọ̀lù. Oògùn kan náà ni màmá mi ti ń gbé mì léraléra. Màmá mi ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi pé ọmọ kẹ́míìsì kan kọ̀, kò tà ju páálí méjì lọ fún Ìyá Ìbejì, bí ẹni pé olè ni, lòun náà bá fìbínú gba ọjà East Street lọ ra sí i. Áà! Torí kéèyàn má baà lò ó jù ni wọn kì í ṣe é tà púpọ̀; wọ́n ń dáàbò bò wá, a rò pé wọ́n ń fojú tín-ín-rín wa ni.

Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fi ń béèrè ìmọ̀ràn ìlera. Obìnrin tó gbé e bi mí pé mélòó ni màmá lò. Màmá ò mọ̀. Ohùn obìnrin náà yí padà. Ó ní kí n gbé wọn lọ sọ́sípítù lójú ẹsẹ̀, kí n kó gbogbo páálí náà dání, pé kí n má dúró wo bóyá ara wọn á balẹ̀, torí bí èèyàn bá lo oògùn yẹn jù, ṣe ló máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Nínú káàbù tó ń gbé wa lọ sí ọ́sípítù ní Camberwell, mo di àwọn páálí náà mú sórí itan mi. Mo ń wo màmá mi, mo ń rò pé ṣé báyìí ni mo ṣe máa dọmọ òrukàn? Àwọn ní tiwọn, ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n ń sọ. "Ṣó o gbé e sínú fíríìjì ṣá?"

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n fa omi oògùn sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì wọ́n, ó rọra bi mí léèrè bóyá màmá fẹ́ gba ẹ̀mí ara wọn ni. Mi ò lè túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì màmá mi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú wọn.

"Èmi? Kí n pa ara mi? Sọ fún un pé wọ́n fẹ́ràn mi ni."

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà di ọwọ́ wọn mú.

A ò mọ bó ṣe máa já sí títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí dókítà bá ti ń bọ̀ báyìí, màá dìde dúró. Ìgbà tó wá dúró níwájú wa, tó ní ẹ̀dọ̀ wọn ò bàjẹ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sunkún bí ọmọdé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Àdínì dé, olórí àwọn alásàlátù, ọ̀rẹ́ màmá mi láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé nínú àwọn ilé ìjọba ní North Peckham kí wọ́n tó wó wọn. Ojú wọn ti wú fún ẹkún. "Ṣé èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pa ọ̀rẹ́ mi?" Síbẹ̀, àṣà ò ṣeé fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan: wọ́n yọ fíláàsìkì jáde, wọ́n da tíì atalẹ̀ sínú ife, wọ́n nà án sí màmá mi, wọ́n dúró. Tíì lásán ni, síbẹ̀ mo ń wo ẹnu màmá mi. Màmá mi wo ife náà, wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn.

"Ìyá Àdínì, ẹ gbé e síbẹ̀ ná."

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Ìyá Àdínì gbé ife náà kalẹ̀, wọ́n wá ní, "Alihamudulilahi," wọ́n jókòó.

Àpò náà ṣì wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rajà báyìí, á sì kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè ohun tó ti lò. Màmá mi máa ń sọ pé ènìyàn laṣọ àwọn, òótọ́ sì ni, pàápàá nínú òtútù ìlú yìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da aṣọ bo ènìyàn jù, kò ní lè mí mọ́, ẹni tí wọ́n dà á bò nìkan ló sì lè yọ ẹnu síta, kó sọ pé ó tó.