Bọ́ọ̀lù Àkísà Tí A Kì Í Jù sí Bàbá

Bọ́ọ̀lù àkísà kan wà nílé wa ní Ọ̀mù-Àrán nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi ló fi ògbólógbòó ìró rẹ̀ dì í, tó sì fi okùn dè é yíká títí ó fi le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Bí a bá ti gba àdúrà ìrọ̀lẹ́ tán, tí òkùnkùn kò tíì kùn, bọ́ọ̀lù yìí la máa ń fi ṣeré ní àgbàlá.

Bàbá mi ló dá eré náà sílẹ̀. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní Tíṣà, títí kan ìyá mi nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Lójú tirẹ̀, eré tí kò bá kọ́ ọmọ ní nǹkan, ariwo lásán ni. Òun á dúró sí àárín, èmi àti àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì á tò yí i ká. Ó lè ju bọ́ọ̀lù sí ẹnikẹ́ni nínú wa láìwo ojú onítọ̀hún. Ẹni tó bá hán an gbọ́dọ̀ pe orúkọ ìwé Bíbélì tó kàn, bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tàbí tí o fo ìwé kan, o ó sáré yí ilé po kí o tó padà wá. Mo ti sáré yí ilé yẹn po nítorí Hábákúkù, ẹsẹ̀ mi mọ gbogbo òkúta ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyá mi á wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa rẹ́rìn-ín wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn. Nínú eré ni mo ti há ìwé mẹ́rìndínláàádọ́rin sórí, títí dòní kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ohun kan wà nínú eré náà tí a kò kà sí nǹkan rárá. Bàbá ló ń jù ú sí wa, àwa kì í jù ú sí i. Bí a bá ti pe ìwé wa tán, a ó sáré lọ bá a, èmi á kúnlẹ̀, àwọn àbúrò mi á dọ̀bálẹ̀, a ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó pa á láṣẹ. Ta ni yóò pa á láṣẹ fún ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ pé kó má ju nǹkan lu bàbá rẹ̀?

Ní ọdún tí wọ́n yọ wá kúrò lára Àríwá, tí a di ará Ìpínlẹ̀ Kwara, ìgbà òjò ni ẹ̀gbà ja Bàbá lápá ọ̀tún. Ó sùn ní Tíṣà, ó jí láàárọ̀, kò lè dìde. Àwọn ará ìjọ gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ padà sípò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé e. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò yí padà. Ó so kọ́ èjìká rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá kí i. Ó gbàdúrà, ó mu omi, ó wá sọ ohun tó bá wá. Wọn yóò dúró de Bàbá títí ilé ẹ̀kọ́ yóò fi wọlé lẹ́yìn ọdún tuntun. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá lè kọ̀wé sójú pátákó nígbà náà, kíláàsì rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá lè kọ ọ́, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí i.

“Mo gbọ́, sà,” ni Bàbá wí.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó sọ fún ìyá mi pé òun ti mọ ohun tí òun yóò kọ́kọ́ kọ sójú pátákó lọ́jọ́ náà. Orúkọ ìpínlẹ̀ wa tuntun ni. “Àwọn ọmọ yẹn ṣì ń pe ara wọn ní ará Àríwá. Èmi ni yóò kọ ọ́ fún wọn.”

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́n. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan níbẹ̀ tẹ ọwọ́ náà wò títí, ó wá bi wá léèrè eré tí a máa ń ṣe nílé. Àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi ròyìn bọ́ọ̀lù àkísà fún un.

“Ó tán,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ máa jù ú sí i. Ẹ má gbé e fún un o, ẹ jù ú, kí ọwọ́ náà lè máa wá a. Kí ẹ sì so ọwọ́ òsì mọ́ ọn lára, torí bí òsì bá wà nílẹ̀, ọ̀tún kò ní ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́.” Ó wò mí. Mo ti ka ìwé méje tán nígbà náà, èmi sì ni àkọ́bí. “Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́.”

Ayọ̀ ni mo fi kúrò níbẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ tí Olúwa fún mi rọrùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mú gèlè ìyá mi kan tó ti gbó, mo lọ bá Bàbá láti so ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n bí mọ́ èmi. Òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń tọ́ka, títí Bàbá fi fi àkísà so ó mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọ̀tún fi gba iṣẹ́. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Nígbà tí ó rí gèlè lọ́wọ́ mi, ó wò mí tìtì.

“Ìwọ kúkú mọ bó ṣe ń rí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Má so ó le jù.”

Mo so ó le.

Mo gbé bọ́ọ̀lù fún àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi. “Jù ú!” Ọmọ yìí sáré lọ sọ́dọ̀ Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀, ó rọra gbé bọ́ọ̀lù lé ọwọ́ tó ti kú náà. Bọ́ọ̀lù yí bọ́ sílẹ̀.

“Kí ni mo ní kí o ṣe?”

“Ẹ ní kí n jù ú.”

“Ṣé o jù ú?”

“Ṣé kí n ju nǹkan lu Bàbá ni? Ẹ jù ú fúnra yín.”

Àbúrò wa kékeré jù ú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jù ú bí ẹni ń fọ́n omi sí ẹ̀fọ́. Àárín ọ̀nà ló bọ́ sí. Ó sáré ṣa á, ó sì fi ìdọ̀bálẹ̀ parí ìrìn náà, “Ẹ gbà, sà.” Nígbà tí mo yíjú sí ìyá mi, ó ti ń mi orí kí n tó lanu. “Èmi kọ́. Wọn kò ní gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé mò ń ju nǹkan lu ọkọ mi.”

Ó wá kan èmi tí mò ń pariwo. Mo pe “Jẹ́nẹ́sísì!” mo gbé ọwọ́ sókè, orúnkún mi sì wólẹ̀ kí ọwọ́ tó jù ú. N kò rán an níṣẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ ṣèèṣì kan Bàbá láyà, yóò wò wá bí ó ṣe ń wo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó pẹ́ dé, gbogbo wa á sì pariwo pọ̀, “Ẹ jọ̀ọ́, sà!” Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é. Jẹ́nẹ́sísì bọ́ sílẹ̀, Ẹ́kísódù bọ́ sílẹ̀. Bí a bá fi máa dé Léfítíkù, ó ti rẹ Bàbá, ó ti sú u. A kò kọjá Léfítíkù.

Bí ará ìjọ bá sì wá kí i, kò sí ohun tí wọn kò ní sọ. “Kí ló dé tí wọ́n so Tíṣà bí ewúrẹ́?” Ìyá mi á sáré tú gèlè, á máa tọrọ àforíjì, á gbé àga wá. Ọ̀rọ̀ á gùn, ilẹ̀ á ṣú. Òjò lọ, a wu iṣu tuntun, a ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ náà ṣì so kọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo wá rántí ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin. Arandun ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló sì ti gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Òun ló ju Bàbá lọ, òun nìkan ló lè ju ohun tó bá wù ú sí i tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀. Inú mi dùn bí ẹni rí owó he. Mo bẹ ìyá mi títí ó fi ránṣẹ́ sí i.

Màmá Arandun dé pẹ̀lú igbá òrí lórí. Mo ṣàlàyé fún un, ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó gba bọ́ọ̀lù. “Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ yìí lẹ kàn ń ṣojo. Bísímílláhì!” Ó gbé ọwọ́ sókè. Mo ń sọ “Ẹ ṣé, Olúwa” nínú ọkàn mi. Ó wá wo apá tó so náà. Ọwọ́ rẹ̀ rọra wá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Bàbá. Ó ki í láti orí bàbá wọn dé orí bàbá ńlá wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, Bàbá náà sì ń sunkún.

“Mà, ẹ jù ú,” ni mo wí.

“Kí n ju kí ni? Ẹni tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n? Kúrò níwájú mi, ọmọ burúkú!”

Ó fi òrí pa ọwọ́ náà títí ó fi ń dán. Bọ́ọ̀lù wà nínú ìró rẹ̀ níbi tó dì í sí, kò sì yọ ọ́ títí ó fi padà sí Arandun. Ẹni tó lọ kí i níbẹ̀ ló bá wa gbà á bọ̀. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo sunkún ìbínú. Mo ní, Olúwa, Ẹ̀yin lẹ ní ká bọ̀wọ̀ fún bàbá òun ìyá wa. Ọ̀wọ̀ yìí ló ń pa á lára. Kí lẹ wá ní kí n ṣe?

Kérésìmesì kọjá. Ọyẹ́ mú, ètè wa là. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi dọ̀bálẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù lé Bàbá lọ́wọ́, ó bọ́. Bàbá mí kanlẹ̀.

“Ó tó. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ti gbìyànjú, Ọlọ́run sì rí i.”

Ìyìn yẹn ló mú orí mi gbóná. A kò gbìyànjú. Láti ìgbà òjò ni a ti ń kúnlẹ̀. Mo já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ àbúrò mi tó ti ṣa á, mo ké “Léfítíkù!” mo sì fi gbogbo agbára mi jù ú sí ojú bàbá mi.

Ọwọ́ ọ̀tún dìde. Kò ga, àyà ló dé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló dìde. Bọ́ọ̀lù kàn án lọ́rùn ọwọ́, ó ta dànù.

“Yéè! Ó pa mí o!” Ìyá mi ti káwọ́ lérí. “Bàbá rẹ! Ọwọ́ òsì!”

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọwọ́ tí mo fi jù ú. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá kò wò mí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń wò.

“Òsì lo fi jù ú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Mo rí i. Dìde. Tún un jù.”

“Bàbá wọn...” ni ìyá mi ń wí.

“Mo ní kó tún un jù. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n jù nínú ilé yìí.”

Ẹ ó rò pé ó tán síbẹ̀. Kò tán. Ìyá mi ní n kò ní ju nǹkan kan àyàfi tí mo bá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ní ìjù kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, mo máa ń kúnlẹ̀, “Ẹ má bínú, sà,” mo máa ń dìde, mo máa ń jù ú, mo máa ń tún kúnlẹ̀. Ìdajì àkókò wa lọ sínú ẹ̀bẹ̀. Síbẹ̀ a kọjá Léfítíkù. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìwọlé, Bàbá há bọ́ọ̀lù mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ó sì pe Diutarónómì.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a gbé ìwé rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì, ó gbé apá sókè, ó fa igi K kan tó tẹ̀ bí igi tí ìjì dà. Ṣọ́ọ̀kì bọ́. Kí ó tó gbìyànjú láti tẹ̀ mú un, ọmọ mẹ́ta ti fò dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Ó tún bọ́, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀. Bíi pé kí n lù wọ́n. Ìka rẹ̀ lè há bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kò tíì lè mú ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọlé wẹ́rẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó bá a parí orúkọ ìpínlẹ̀ wa.

A jọ ń rìn bọ̀ wálé nínú eruku ọyẹ́ títí a fi dé ẹ̀gbẹ́ ọjà.

“Níbo la dé lánàá?” ni Bàbá bi mí.

“Diutarónómì, sà.”

“Mósè náà, ibẹ̀ ló parí ìrìn rẹ̀ sí. Ó fojú rí ilẹ̀ náà, kò wọ̀ ọ́.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo dúpẹ́ pé ó tún lo ọdún púpọ̀ láàyè, tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ṣùgbọ́n kò kọ̀wé sójú pátákó mọ́ láyé, mo sì ṣì máa ń bínú bí mo bá rántí gbogbo oṣù tí a fi kúnlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo rò pé a kò ní ṣeré. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ ní àgbàlá. Bàbá dúró sí àárín, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi pé kí n so ó.

“Jóṣúà ló kàn,” ó wí.

Mo so ó, mo mú bọ́ọ̀lù, mo gbé ọwọ́ sókè.

“Kúnlẹ̀ ná!” ni ìyá mi ké láti ilé ìdáná.