Jọ́ọ̀jì Kì Í Fẹ́ Jọ́ọ̀jì

Òórùn èédú rélùwéè ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú tí mo bá rántí ilé wa ní Yábàá ìgbà náà. Èéfín á bà lé aṣọ funfun tí a sá, ìyá mi á tún un fọ̀, á máa ráhùn. Ibẹ̀ ni àfẹ́sọ́nà mi ti wá fi ara rẹ̀ han bàbá mi. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí bàbá fi bi í pé ọmọ ta ni.

"Ọmọ Jọ́ọ̀jì ni mí, sà."

Bàbá mi gbé ife tíì sílẹ̀. Jọ́ọ̀jì ni àwa náà ń jẹ́. "Kò ṣeé ṣe," ló wí. "Jọ́ọ̀jì kì í fẹ́ Jọ́ọ̀jì."

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ìwọ náà mọ Èkó: àdúgbò wo ni o ò ti ní rí Jọ́ọ̀jì, Kóòlù àti Wílíàmù? Ṣé ọmọ ìyá ni gbogbo wọn ni? Iléṣà ni bàbá bàbá mi ti wá, àlùfáà òyìnbó tó ṣe ìrìbọmi fún un ló fún un lórúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni àlùfáà yẹn wò? Sàró ni àwọn ti àfẹ́sọ́nà mi. Inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gba bàbá ńlá rẹ̀ sílẹ̀, ìlú Sàró ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Jọ́ọ̀jì kó tó padà wá sí Èkó. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ.

"Ogun kó èèyàn nílé tiwa náà," ni bàbá ń tẹnu mọ́. "Ta ló mọ̀ bóyá ara wa ni? Kí wọ́n ki oríkì orílẹ̀ wọn kí n gbọ́."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Oṣù mẹ́fà gbáko la fi ń lọ tí a ń bọ̀ lórí orúkọ òyìnbó. Mo sunkún, mo bú Jọ́ọ̀jì tó ti kú àti èyí tó wà láàyè.

Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n bàbá àfẹ́sọ́nà mi, ìyá arúgbó kan, wá bẹ bàbá mi fúnra rẹ̀. Ìyá mi se ọbẹ̀ ìgbín fún un. Ìyá àgbà ṣí abọ́, ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ má bínú. A kì í jẹ ìgbín nílé wa."

"Kí ló dé, mà?"

"Mi ò mọ̀ o. Bàbá bàbá mi ni kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní èèwọ̀ ilé wọn ni, kí wọ́n tó kó o lẹ́rú."

Bàbá mi, tí bàbá tirẹ̀ jẹ ìgbín dọ́jọ́ ikú, wo abọ́ yẹn pẹ́. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ó tán! Ilé wa kọ́ nìyẹn. Ẹ wá máa mú ìyàwó yín lọ."

Gbogbo wa ń yọ̀ kí n tó rí i pé ìyá àgbà ń nu ojú. "Ohun tó kù lọ́wọ́ wa nínú ti bàbá bàbá mi náà nìyẹn," ló wí. "Mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́."

Mo lọ sílé ọkọ, orúkọ mi kò yí padà. Títí dòní ni àwọn akọ̀wé ń bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi ni mo bá wá, ó sì ń bí mi nínú síbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìgbín bí ojú, ṣùgbọ́n n kò fún ọmọ mi kankan jẹ rí. Tí wọ́n bá bi mí ní ìdí, mo máa ń sọ fún wọn pé wọ́n kó bàbá ńlá wọn lẹ́rú, wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀; èèwọ̀ yìí nìkan ni kò jọ̀wọ́.